Owó ìrànwọ́ ajílẹ̀: ẹ má retí alẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn lọ́nà Ìkòyí-Ilé, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnì kan gba owó fọ́ọ̀mù àti nọ́ńbà BVN lọ́wọ́ èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi, ó ní owó ìrànwọ́ ìjọba máa wọ àkáǹtì wa kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. A ò rí nǹkan kan. Ọ́fíìsì wo ni ká lọ kí owó náà lè jáde?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wá ọ́fíìsì kankan lọ nítorí owó yẹn. Wọ́n ti lù yín ní jìbìtì. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi í jẹun lára àgbẹ̀.

Orí ọjà ni ìrànwọ́ ajílẹ̀ máa ń wà. Ìjọba á san lára iye tí àpò jẹ́, àgbẹ̀ á san ìyókù, á sì gbé ọjà rẹ̀ lọ. Bí GES, ètò ìrànwọ́ ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ ti 2012, ṣe rí nìyẹn, nígbà tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn: àgbẹ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀ á gba àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù, á mú nọ́ńbà inú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò tí wọ́n yàn, á san ìdajì owó àpò ajílẹ̀ méjì. NAGS-AP, ètò ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 2023 náà, ẹ̀dínwó ni. Ẹni tí kò bá ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ọjà dé, ọwọ́ òfo ló máa gbé bọ̀.

Ètò Anchor Borrowers, tí báńkì àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2015, ló da ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn rú. Ẹ̀yáwó ni, ó sì ní èlé, àmọ́ àwọn kan gbà á bí ẹ̀bùn. Ìwékíwèé tí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé kà á fún yín dé ìparí. Bí ọjọ́ ìsanpadà bá wà níbẹ̀, gbèsè ni.

BVN nìkan kò lè yọ owó yín. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá pè pé kí ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín fún òun, ẹ má kà á láéláé. Ẹ lọ sọ fún báńkì yín lónìí, kí ẹ sì mú rìsíìtì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èmi kì í ṣe lọ́yà, n ò lè ṣèlérí pé owó fọ́ọ̀mù yóò padà.

Ẹ̀ka ètò ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè ìforúkọsílẹ̀. Ẹ mú NIN dání, nọ́ńbà mọ́kànlá ni, àti síìmù tí wọ́n ti so mọ́ ọn. Ibi tó ti sábà ń bàjẹ́ ni orúkọ: obìnrin á fi orúkọ bàbá rẹ̀ gba NIN, á fi ti ọkọ ṣí àkáǹtì, kọ̀ǹpútà á sì kà á sí èèyàn méjì. Tàbí kí síìmù ti sọnù, kí àtẹ̀jíṣẹ́ máa lọ síbi tí ẹ kò sí. Pé ẹ forúkọ sílẹ̀ kò sì túmọ̀ sí pé ọjà máa kàn yín dandan.

Lọ́jọ́ tí ọjà bá kàn yín, ẹ wo ojú rírán àpò. Bí ẹ bá rí ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tuntun, wọ́n ti ṣí i. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: 50kg ló yẹ kó jẹ́. Ẹ bu yúríà díẹ̀ sínú ife omi, kí ẹ rò ó pọ̀. Ojúlówó á yọ́ tán, ife á sì tutù lọ́wọ́ yín. Iyanrìn á jókòó sísàlẹ̀. Bí àpò kan ni wọ́n gbé fún yín, ẹ má tẹ̀ka sí méjì.