Ṣé China ló ń kó ẹran ọ̀dọ́ àgùntàn New Zealand lọ mọ́ wa lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń ra ẹran fún ṣọ́ọ̀bù kan ní London níbí. Itan ọ̀dọ́ àgùntàn New Zealand ti wọ́n kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi ní China ló ń kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ṣé òótọ́ ni, àbí ká kúkú máa ra ti Australia?

Ìdáhùn: Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe itan ni China ń wá ní tiwọn o. Ẹ wò ó, àgùntàn kan tí wọ́n bá pa ní New Zealand, orílẹ̀-èdè bíi mẹ́ta mẹ́rin ló máa pín in jẹ: egungun ìhà á lọ sí àwọn ilé oúnjẹ olówó gọbọi ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, itan á wá sọ́dọ̀ yín, ẹran ikùn tó lọ́ràá àti ẹran àgbà àgùntàn ni China ń kó, wọ́n á rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ bíi bébà, wọ́n á máa rì í bọ omi ọbẹ̀ tó ń hó lórí tábìlì. Tí China bá ń rà dáadáa, ẹni tó pa ẹran ti rówó lórí ibi tẹ́yin ò fẹ́, ìgbà tí wọn ò bá rà mọ́ gan-an ló máa fẹ́ fowó lé itan yín, kó lè fi dí owó tó pàdánù.

Ohun tó fa ọ̀wọ́n gangan ni pé àgùntàn ti dínkù. Lọ́dún 1982 wọ́n lé ní 70 mílíọ̀nù ní New Zealand, báyìí wọn ò tó 25 mílíọ̀nù mọ́. Britain wọ ẹgbẹ́ Yúróòpù lọ́dún 1973, ọjà tó ti wà fún New Zealand níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá há, láti 1984 ìjọba New Zealand tún dáwọ́ owó ìrànwọ́ tó ń fún àwọn àgbẹ̀ dúró, làwọn míì bá yí sí màlúù oníwàrà, àwọn míì sì ń fi ilẹ̀ gbin igi páìnì báyìí torí owó kábọ̀n, ìyẹn owó tí wọ́n ń rí torí pé igi ń fa gáàsì kábọ̀n kúrò nínú afẹ́fẹ́.

Australia ló ń ta jù láyé báyìí. Àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀ ní 31 May 2023 jẹ́ kí 25,000 tọ́ọ̀nù wọ Britain lọ́dún kìíní láìsan owó ibodè, á sì máa lọ sókè títí dé 75,000 lọ́dún kẹwàá. Ẹ tọ́ ọ wò, àmọ́ ẹ má kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀ jàre. Ọ̀dá máa ń dá wọn lóhùn-ún, wọ́n á tú agbo tà, owó á já wálẹ̀, tí òjò bá wá rọ̀ wọn ò ní fẹ́ tà mọ́, owó á gbéra. Ẹran wọn tún tóbi, odindi ẹ̀ tí wọ́n ti pa tán máa ń tó kílò 24, ti New Zealand ò ju bíi 19 lọ, torí náà itan kan á wúwo, kọ́sítọ́mà tó ń wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn á ní ẹ ti fowó lé e, bí kílò ẹ̀ tiẹ̀ dínwó.

Tó bá jẹ́ èyí tí ò dì lẹ ń rà, tí wọ́n fi náílọ̀n fà mọ́ra pinpin láìsí afẹ́fẹ́ nínú, láti ìparí 2023 ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Australia bọ̀ ti ń yẹra fún Òkun Pupa, wọ́n ń gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà, èyí sì ń jẹ nínú ọjọ́ tí ẹran lè fi pẹ́. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n fi náílọ̀n dì í, kẹ́ ẹ tó sanwó.