Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀dà Mọ́tò Yín Mí

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kétu ni mí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Strasbourg nílẹ̀ Faransé ni mo ń gbé. Mọ́tò méjì ni mo ní. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi níbí jẹ́ Renault 4 àtijọ́ tí mo ń tọ́jú bí ẹyin. Mi ò fẹ́ wà á nígbà òtútù, mo fẹ́ gbé e sí gáréèjì láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Èkejì wà ní Àjàṣẹ́, ní àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo ń wà á. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti fi tapólì aláwọ̀ búlúù bò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: nǹkan kéékèèké ti sú sórí òrùlé rẹ̀ bí ooru ṣe ń sú sára ọmọ ọwọ́. Kí ni kí n ṣe sí ti Àjàṣẹ́? Kí ni kí n ṣe kí irú rẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ sí ti ibí?
Ọmọ Kétu, Strasbourg

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kó o tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi, pe ẹ̀gbọ́n rẹ lórí fóònù, kó ká tapólì yẹn kúrò lónìí. Kó má dúró de ọjọ́ Àìkú.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò rẹ nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí tèmi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń kun mọ́tò ní Wàńdò, mọ́tò tí mo sì kọ́kọ́ fi owó ara mi rà jẹ́ Peugeot 504. Èmi fúnra mi ni mo kùn ún, mo kùn ún ní àwọ̀ ẹ̀lú, bí adìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò aró jáde. Lọ́dún kan, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Kútọnu fún oṣù mẹ́ta, láàárín òjò. Mo ra tapólì tuntun lọ́jà Wàńdò, mo dì í mọ́ mọ́tò náà gbọin-gbọin bí ẹni ń di ẹ̀kọ sínú ewé, mo fi okùn rọ́bà so ó nísàlẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti ṣe é ire.

Oṣù kẹsàn-án ni mo padà wá ṣí i. Ooru ló kọ́kọ́ lù mí lójú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn, òórùn aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọn ò rí oòrùn sá a sí. Omi ń kán láti inú tapólì náà bí ìgbà tí a ṣí ọmọrí ìkòkò. Òrùlé mọ́tò ti sú kéékèèké, ibi tí okùn rọ́bà ti ń ha á sì ti funfun. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan nínú àwọn tó sú, ó bẹ́. Omi tó jáde kò ju ẹ̀kán kan lọ, àwọ̀ tíì ló ní. Mo hó ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, mo rí irin tó ti dógùn-ún, ó pupa bí ilẹ̀ Kétu tiyín. Mo da bọ́kẹ́ẹ̀tì kan dé, mo jókòó lé e. Fún ìgbà díẹ̀, mi ò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí gíláàsì ni ọ̀dà mọ́tò rí, pé omi ò lè là á kọjá. Omi ń là á kọjá. Lórí mọ́tò òde òní, irin ló wà nísàlẹ̀, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún wà lórí rẹ̀, àwọ̀ tí à ń rí ló tẹ̀ lé e, lókè pátápátá sì ni fánísì tí àwa oníṣẹ́ níbí ń pè ní vernis. Pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000. Gbogbo ọ̀dà yẹn lápapọ̀ kì í sábà ju 100 sí 150 lọ nínú rẹ̀, vernis nìkan jẹ́ bíi 40 sí 50. Irun orí rẹ sábà máa ń nípọn ju vernis yẹn lọ. Bí omi bá jókòó sórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tí kò rí afẹ́fẹ́ tí yóò gbé e lọ, yóò máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Bí iyọ̀ bá wà lábẹ́ ọ̀dà, iyọ̀ yẹn á fa omi náà mọ́ra, á kó o jọ sójú kan, ọ̀dà á sì wú.

Iyọ̀ wo ló wà lórí òrùlé tèmi? Òógùn ọwọ́ mi ni. Lẹ́yìn tí mo fi sáńpépà ha irin náà tó ń dán, mo fi ọwọ́ pa á láti mọ̀ bóyá ó ti jọ̀lọ̀, kí n tó kun ọ̀dà ìpìlẹ̀. Nígbà tí mo wo ibi tó sú náà dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìka mẹ́rin. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ iṣẹ́ kan lọ́dọ̀ mi tó ń fi ọwọ́ lásán kan irin tí a ti ha.

Wàyí o, mọ́tò rẹ ní Àjàṣẹ́. Kí wọ́n jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, lábẹ́ páànù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nínú àwọn tó sú, ẹ ó rí àwọn kan tí yóò wálẹ̀ fúnra wọn bí wọ́n bá ti gbẹ. Ibi tó kàn funfun bí ẹni mí sí díńgí lè padà sípò pẹ̀lú. Èyí tí kò bá wálẹ̀, tí ìpẹtà sì wà nídìí rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ha á títí irin á fi dán, kí wọ́n fi omi tó mọ́ ṣan án, kí ó gbẹ, kí wọ́n tó kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i. Ẹni tó bá sọ pé òun á kan kun àwọ̀ lé e lórí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, má fún un lówó. Ibi tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, kí wọ́n má fi ìda kankan pa á fún oṣù kan sí méjì, nítorí ọ̀dà tuntun ṣì ń tú èémí rẹ̀ jáde.

Ẹ má sọ tapólì búlúù náà nù. Ẹ ri ọparun mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí ẹ ta tapólì náà lé e lórí bí àtíbàbà, kó fi ìwọ̀n apá kan ga ju òrùlé mọ́tò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni òjò ò ní pa á, oòrùn ò ní jó o, afẹ́fẹ́ á sì máa kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ aṣọ ìbora gidi, kí ẹ̀gbọ́n rẹ gbé etí rẹ̀ sí ẹnu kó tó sanwó, kó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bí atẹ́gùn ò bá jáde lódì kejì, kó dá a padà fún oníṣòwò.

Ó di ti Strasbourg. Iyọ̀ tó ti inú òógùn mi wá, níbẹ̀ ọkọ̀ ńlá ni wọ́n fi ń dà á sójú títì, nítorí omi oníyọ̀ kì í tètè dì bí omi lásán. Taya á ta omi yẹn sábẹ́ mọ́tò, sínú kọ̀rọ̀ tí ojú ò tó. Nítorí náà, gbé mọ́tò rẹ wọlé kí wọ́n tó da iyọ̀ àkọ́kọ́. Bí o bá pẹ́, wá ọjọ́ tí òtútù ò tíì mú débi tí omi á dì, kí o fi omi púpọ̀ fọ abẹ́ rẹ̀ àti inú ihò taya. Wo abẹ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan: àwọn ihò kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí omi ń gbà jáde, ewé gbígbẹ sì máa ń dí wọn. Fi igi ìtayín tú wọn. Lẹ́yìn náà, wà á díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ omi inú kọ̀rọ̀ jáde. Mọ́tò tó bá wọ gáréèjì ní tútù ti gbé ẹni tí yóò bà á jẹ́ wọlé pẹ̀lú ara rẹ̀.

Bí ó bá mọ́ tó sì gbẹ tán, fi ìda pa á. Ìda carnauba dára, ewé ọ̀pẹ kan tó ń hù ní Bràsíl ni wọ́n ti ń rí i, ilẹ̀ kan náà tí baba ńlá àwọn Àgùdà wa ní Àjàṣẹ́ ti padà wá. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń fi í pa mọ́tò. Ṣùgbọ́n ní oòrùn tiwa kì í lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Níbi òtútù, nínú gáréèjì, á bá ọ dé oṣù kẹta. Aṣọ òwú tó rọ̀ ni kí o fi bò ó, kì í ṣe nílọ́ọ̀nù.

Àwọn kan á gbà ọ́ níyànjú pé kí o tan iná ooru sí gáréèjì. Bí iyọ̀ bá ṣì wà lára mọ́tò, ooru yẹn ló ń mú kí ìpẹtà yára. Gáréèjì tútù tó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, sàn jù. Nígbà tí òtútù bá sì ń lọ, ṣọ́ra. Irin ṣì tutù, afẹ́fẹ́ òde ti ń gbóná, mọ́tò á làágùn bí ìgò omi tí a gbé jáde nínú fírìjì. Ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá gbẹ ni kí o ká aṣọ kúrò, kí o ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ní ti bátìrì àti bíréèkì ọwọ́, bi mẹkáníìkì rẹ. Ọ̀dà ni tèmi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní mọ́tò dúdú kan tí a fi ń gbé ọjà. Àárọ̀ kùtù ni ọmọ mi ń fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ó mọ́, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ràn sí i, mo ń rí ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn.
Ìyá Oníṣòwò, Ṣábẹ

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ọmọ yín gbìyànjú, òṣìṣẹ́ dáadáa ni. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó sinmi. Ọ̀pọ̀ eruku ọyẹ́ yẹn, láti ilẹ̀ Bodélé ní Chad ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e wá, yanrìn wẹ́wẹ́ sì wà nínú rẹ̀ tó le ju vernis lọ. Bí eruku náà bá jókòó jẹ́ẹ́ sórí mọ́tò, kò ha á. Ọwọ́ tó ń nù ún ló ń fi yanrìn yẹn ha á. Mo mọ̀ pé omi ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ yín ní ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ fi eruku náà sílẹ̀ títí ẹ ó fi ní omi tó lè kún garawa méjì. Kó kọ́kọ́ da omi láti orí òrùlé sísàlẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí ó tó fi kànrìnkàn rírọ̀ àti ọṣẹ ọkọ̀ fọ̀ ọ́. Kó má lo ọṣẹ ìfọṣọ, ìda ni ìyẹn ń bó. Gíláàsì iwájú nìkan ni kí ẹ máa nù lójoojúmọ́, kí ẹ lè ríran. Àwọn ìlà tó ti wà, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú vernis dán lè dín wọn kù, ṣùgbọ́n ó ń bó vernis díẹ̀ nígbàkigbà tó bá ṣe é, nítorí náà ẹ má ṣe é lọ́dọọdún.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, abẹ́ máńgò ni mo ń gbé mọ́tò sí. Ìgbẹ́ àdán ń gbẹ mọ́ ọn lóru, bí mo bá sì ha á, ó ń fi àpá sílẹ̀. Ṣé kí n gé igi náà?
Ọmọ Àjàṣẹ́, Ọ̀gánlá

ÌDÁHÙN: Jọ̀ọ́, má gé igi máńgò nítorí mọ́tò. Gbé mọ́tò kúrò lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí èso bá ń pọ́n, ìgbà yẹn ni àdán ń wá. Bí ìgbẹ́ bá ti gbẹ mọ́ ọn, tètè wá a kí oòrùn tó ga, nítorí ooru ló ń jẹ́ kó jẹ vernis wọlé. Má ha á. Rẹ aṣọ kan sínú omi, gbé e lé e lórí, lọ jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ rẹ, kí o tó padà wá gbé aṣọ náà kúrò.