Ṣé kí ọmọ jẹun kó tó lo oògùn aràn àti ti ibà?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Wọ́n fẹ́ fún ọmọ mi, ọmọ ọdún 7, ní oògùn àtọ̀sí ajá àti ti aràn ní sùkúù wọn, tíṣà wá ní kó jẹun dáadáa kó tó wá. Ìyá ọkọ mi ní láíláí, pé èèyàn kì í fẹnu kan nǹkan kan kó tó lo oògùn aràn, kí ebi lè pa aràn kó lè gbé oògùn náà mì. Mi ò fẹ́ bá màmá jiyàn, àmọ́ ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ìyá Tọ́lá.

ÌDÁHÙN: Ìyá Tọ́lá, ti tíṣà ni kẹ́ ẹ tẹ̀lé, ẹ bọ́ ọmọ yó. Ibi tí kòkòrò ń gbé nínú ara la fi ń mọ̀ bóyá oúnjẹ máa ran oògùn lọ́wọ́.

Aràn inú, inú ìfun ló wà, ibẹ̀ náà ni albendazole, ìyẹn oògùn aràn, ti ń bá a jà, kò dìgbà tó bá wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ jẹun o, kò jẹun o, ó máa ṣiṣẹ́. Ẹ ò ní láti febi pa á, ẹ ò ní láti fún un ní oògùn tó ń fọ inú. Ọmọ tó ti pé ọdún 2 sókè, 400 mg lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, èyí tó ti pé ọdún 1 tí ò tíì pé 2, 200 mg.

Àtọ̀sí ajá yàtọ̀ pátápátá. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká ni kòkòrò tiẹ̀ fara pamọ́ sí, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń tọ ẹ̀jẹ̀. Praziquantel, ìyẹn oògùn àtọ̀sí ajá, gbọ́dọ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀ kó tó lè bá a níbẹ̀, oúnjẹ ló sì ń jẹ́ kó wọlé dáadáa. Tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn tóbi, ó korò, igi tí wọ́n fàmì sí ni wọ́n fi ń wọn gíga ọmọ kí wọ́n tó mọ iye tó máa gbé mì. Ọmọ tó bá fi omi lásán gbé e mì láìjẹun, kó tó pẹ́ inú á máa run ún, òòyì á kọ́ ọ, á bì, ẹnì kan á wá pariwo pé wọ́n ti fún ọmọ ní májèlé, làwọn ìyá bá sáré lọ kó ọmọ wọn kúrò ní sùkúù. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí oúnjẹ àárọ̀ nìkan ni ò jẹ. Ìkọ́kọrẹ́ àná tẹ́ ẹ gbé kaná dáa, ẹ̀kọ àti àkàrà náà dáa. Wọ́n sì lè fún un ní oògùn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ibà ń ṣe ọmọ mi, ọmọ ọdún 3. Wọ́n fún wa ní artemether-lumefantrine, wọ́n ní kó jẹ nǹkan tó lọ́ràá sí i, àmọ́ gàrí tá a fomi rẹ nìkan ló ń gbà lẹ́nu. Ṣé ó tó? Bàbá Dàmọ́lá, Ṣágámù.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ara á yá ọmọ. Gàrí àti omi lásán ò tó, lumefantrine tó wà nínú oògùn náà ń fẹ́ ọ̀rá kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀ dáadáa, inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò ibà sì wà. Àmọ́ ọ̀rá díẹ̀ náà ti tó: ẹ da mílíìkì sí gàrí yẹn, tàbí kẹ́ ẹ lọ ẹ̀pà kúnná sí i (ẹ má fún un ní odindi ẹ̀pà, ó lè há a lọ́fun). Ọmọ tó ṣì ń mu ọmú, ọmú ti tó. Tó bá kọ oúnjẹ pátápátá, ẹ má tìtorí ẹ̀ dá oògùn dúró, ẹ lò ó fún un, tó bá ti lè jẹ kó jẹ. Ẹ fọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì náà sínú omi díẹ̀, ẹ má dì í nímú.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni fún ọjọ́ 3, ìkejì á tẹ̀ lé ìkíní lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà àárọ̀ àti alẹ́, ẹ lò ó tán kódà tí ara ẹ̀ bá ti tutù. Tó bá bì í kó tó pé wákàtí 1, ẹ tún un fún un. Àmọ́ tó bá ń bi gbogbo ẹ̀ dànù, tàbí gìrì mú un, tàbí kò lè jókòó mọ́, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀.