Snake Plant Mi Ń Kú, Ẹ̀gbọ́n Ẹ Gbà Mí O

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fún mi ní snake plant, òdòdó inú ìkòkò tí ewé ẹ̀ nà gbọọrọ sókè bí idà yẹn, nígbà tí mo kó wọ fúláàtì mi, ó ní kò sí wàhálà kankan nínú ẹ̀, pé ẹni tí ò gbin nǹkan kan rí láyé ẹ̀ á rí i tọ́jú. Àràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín, síbẹ̀ ewé ẹ̀ ti ń pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdí ọ̀kan tiẹ̀ ti rọ̀, ó ń rùn. Ṣé omi ò tó ni, àbí kí n gbé e sínú oòrùn?
Ọmọge Bódìjà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, omi yẹn gan-an ló ń pa á. Àràárọ̀ kẹ̀! Nǹkan tó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó má fomi kan ẹnu. Gbòǹgbò ń mí o, tí omi bá ti kún inú iyẹ̀pẹ̀ dẹ́múdẹ́mú kò ní rí afẹ́fẹ́, á wá máa jẹrà lábẹ́lẹ̀, ewé á pọ́n, ìwọ á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, wàá tún bu omi kún un.

Kọ́kọ́ wo ìdí ìkòkò ẹ̀ ná, ṣé ihò wà níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìkòkò aláràbarà tí wọ́n ń tà kiri yìí ò ní ihò, ojú lásán ni wọ́n ń dùn. Tó bá jẹ́ ike, fi ìṣó gbígbóná lu ihò bíi mẹ́rin sí i. Tó bá jẹ́ tánganran, gbìn ín sínú ike tó nihò kó o wá gbé ike náà sínú ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, rọra fà á tu, gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ dànù. Gbòǹgbò tó bá ṣì le, fi í sílẹ̀, èyí tó ti dúdú tó rọ̀ tó ń rùn, fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé e kúrò, má ṣàánú ẹ̀ rárá. Jẹ́ kí ojú ibi tó o gé gbẹ fún ọjọ́ kan níbòòji kó o tó tún un gbìn. Iyẹ̀pẹ̀ tuntun ni o, kì í ṣe ti àná, kó o sì po yanrìn oníhóró tí àwọn bíríkìlà ń lò mọ́ ọn, torí iyẹ̀pẹ̀ dúdú nìkan máa ń di omi mú jù. Má fomi kàn án fún bí ọ̀sẹ̀ kan.

Látìgbà yẹn lọ, ìka ẹ ni kó o máa bi. Tì í bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì, tó bá ṣì tutù, máa bá tìẹ lọ. Tó bá gbẹ táútáú, da omi sí i títí á fi máa jò nísàlẹ̀, kó o da ti inú àwo abẹ́ ẹ̀ nù. Nígbà ọyẹ́ á tètè gbẹ ju ìgbà òjò lọ.

Ti oòrùn tó o bi mí, má gbé e síta lójijì, ewé ẹ̀ á jó. Ẹ̀gbẹ́ wíńdò ti tó.

Ewé tó bá ṣẹ́ tó ṣì le, ri ìdí ẹ̀ bọ yanrìn, á ta gbòǹgbò. Àmọ́ tó bá jẹ́ èyí tí etí ẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, ọmọ tó máa hù látara ewé ò ní ní etí yẹ́lò mọ́, àfi tó o bá pín in láti ìdí.

ÌBÉÈRÈ: Ìyàwó mi fẹ́ kó snake plant mẹ́wàá sí yàrá, ó ní ó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Ṣé òótọ́ ni?
Bàbá Ọmọ Kan, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí ìyàwó o. Ìwádìí tí NASA, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìn àjò ojú òfurufú, ṣe ní 1989 ni wọ́n ń gbé kiri, inú àpótí tí wọ́n dé pinpin ni wọ́n sì ti ṣe é, kì í ṣe inú yàrá. Àwọn kan tún un ṣírò ní 2019, wọ́n ní á tó òdòdó 10 sí 1,000 lórí mítà kan níbùú lóòró kó tó ṣe ohun tí wíńdò ṣíṣí ń ṣe. Tó bá wù wọ́n nítorí ẹwà, kí wọ́n rà á, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sókè, torí ọmọ tó ń rákò tó bá jẹ ewé ẹ̀ lè máa bì.