Ta ló ní àṣẹ ìkẹyìn nínú ìtọ́jú ìlera ọpọlọ ọ̀dọ́?
Dókítà àgbà tó mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ ló sábà máa ń ní àṣẹ ìkẹyìn lórí oògùn àti ìdánidúró ní ilé ìwòsàn, àmọ́ kì í ṣe ọ̀gá lórí ohun gbogbo, bí ọ̀pọ̀ ẹbí tilẹ̀ ń rò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ ọdún 15 tí kì í sùn, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, láti Ìjẹ̀bú-Òde wá sí ilé ìwòsàn ní Ṣágámù, sàíkọ́lọ́jíìsì, ìyẹn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ni yóò fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Nọ́ọ̀sì, tó ń ṣọ́ oorun àti oúnjẹ rẹ̀ tọ̀sán-tòru, lè dá oògùn dúró títí dókítà yóò fi dé bó bá rí ewu. Òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ló ń bá ilé àti iléèwé sọ̀rọ̀. Níwọ̀n bí ọmọ náà kò ti tí ì pé ọdún 18, òbí tàbí alágbàtọ́ ló ń fọwọ́ sí ìtọ́jú, àyàfi bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì.