Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni kí o kọ́kọ́ wò lára roadster yẹn

Àbúrò mi, láti ìgbà tí mo ti ka ìbéèrè rẹ ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. O ní o rí roadster dúdú kan, ọkọ̀ àtijọ́ tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wọ́n fẹ́ tà: bọ́dì Ford Model A ọdún 1929 lórí ṣásì Ford 1932, kò ní fẹ́ńdà, wíìlì pupa, ẹni tó ń kọ́ ọ sì kú kó tó gbé ẹ́ńjìnnì sí i. O wá ń béèrè bóyá flathead, ẹ́ńjìnnì V8 onísilíńdà mẹ́jọ àtijọ́ ti Ford, ni kí o fi sí i tàbí V8 ti Chevrolet. Àwọn tó dá ọ lóhùn ṣáájú mi ń jà lórí agbára ẹṣin. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi ọ́ pé ìwé ọkọ̀ ńkọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Èmi, ejò gan-an ló bù mí ṣán.

Ojú rẹ mọ ohun tó dára, mi ò ní fi ìyẹn dù ọ́. Bí àwọn ọmọ California ṣe ń ṣe é nìyẹn, ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì àti lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń sáré lórí adágún gbígbẹ Muroc àti El Mirage. Bọ́dì 1929 kéré, ó fúyẹ́. Ṣásì 1932 le ju ti Model A lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí o fi lè yọ fẹ́ńdà dànù kí ojú má tì ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ò ń wò yẹn, ọkọ̀ mẹ́rin márùn-ún ni. Bọ́dì láti 1929, ṣásì láti 1932, gíà láti 1939, bíréèkì láti 1940. Ọmọ tó ní baba mẹ́rin, ìjọba ò mọ orúkọ tí wọn yóò pè é.

Ọdún 2014 ni mo ra bọ́dì tèmi lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tí ọkọ rẹ̀ ti gbé e pamọ́ sínú abà láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn wà ní kékeré. Ìwé rẹ̀ pé. Lẹ́tà A ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà inú ìwé náà, bíi ti gbogbo Model A. Ara ẹ́ńjìnnì ni Ford ti ń tẹ nọ́ńbà yẹn nígbà náà, wọ́n á sì tún un tẹ̀ sórí ṣásì, níbi tí bọ́dì bò mọ́lẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo ta ẹ́ńjìnnì àti ṣásì Model A yẹn fún ẹlòmíì. Mo ta ohun tí ìwé mi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an, mo wá rọra to ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀ bíi pé ó ṣì wúlò.

Ṣásì 1932 tí mo fi rọ́pò rẹ̀, ọjà páàtì àtijọ́ ni mo ti rà á láàárọ̀ ọjọ́ Sunday kan. Owó lọ́wọ́, ẹrù lọ́wọ́. Ẹ̀yìn páálí dónọ́ọ̀tì ni ọkùnrin tó tà á fún mi kọ rìsíìtì sí. Èmi tí mo dàgbà ní Mushin, tí mo mọ ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó bá gbé páàtì wá sí Ládípọ̀ láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n, èmi ni mo gba páálí dónọ́ọ̀tì! Mo bi ọ̀gá kan tó sọ pé òun ti kọ́ irú ọkọ̀ yìí fún ogójì ọdún. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń wo nọ́ńbà yẹn." Ọ̀gá yìí ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wò ó.

Mo fi ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ kọ́ ọkọ̀ náà. Mo fi tirélà wọ́ ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló jáde. Kò wo bọ́dì tí mo fi oṣù mẹ́jọ tẹ́, kò wo ọ̀dà. Ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sórí irin ṣásì lápá òsì, nítòsí sítíárìn, ó sì fi èékánná ha ọ̀dà mi. Nọ́ńbà yọjú: 18 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìràwọ̀ wà níwájú, ìràwọ̀ wà lẹ́yìn. Bí Ford ṣe ń tẹ ti V8 ọdún 1932 nìyẹn. Ó wo ìwé mi tó ní A. Ó wo ojú mi. "Sà, ta ló ni ṣásì yìí?"

Kí lo fẹ́ kí n sọ? Páálí dónọ́ọ̀tì?

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni wọ́n fi di ọkọ̀ náà mú, wọ́n ní àwọn ń wádìí bóyá olè jí i. Ọkọ̀ 1932 o! Ẹni tí wọ́n jí i lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ jí i, ti wà ní ibojì. Ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀, fèrèsé kìíní ní kí n lọ sí ìkẹrin, ìkẹrin ní kí n ya fọ́tò nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wá, mo ya á wá, ẹlòmíì ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ nǹkankan. Obìnrin kan sọ pé òun ò rí roadster nínú kọ̀ǹpútà òun, ó sì kọ convertible. Mo ṣàlàyé fún un pé roadster kì í ní gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tí à ń yí sókè, ohun tó fi yàtọ̀ sí convertible nìyẹn. Ó ní, "Next." Níkẹyìn wọ́n fún mi ní nọ́ńbà tuntun lórí páànù pẹlẹbẹ kan, wọ́n kàn án mọ́ ọkọ̀ náà, wọ́n sì kọ sínú ìwé pé ọdún tí mo parí rẹ̀ ni ọdún ọkọ̀. Ọkọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ ti ju ọdún àádọ́rin lọ di ọmọ ọwọ́. Ilé-iṣẹ́ insọ́ránsì wá bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Òfin ìpínlẹ̀ yàtọ̀ síra, lọ bi tìrẹ kí o tó sanwó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé òun á bá ọ lọ nọ́ńbà náà dànù, tàbí kí òun tẹ tuntun sí i, sá. Ẹ̀wọ̀n ni.

Bíréèkì: ti Ford 1940, olómi, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó parí. Wáyà: yí fólítì 6 sí 12, rẹ́wáyà tó bá mọṣẹ́ á ṣe é lọ́jọ́ méjì.

Flathead wàyí. Inú bulọ́ọ̀kù ni báfù rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ silíńdà, èéfín gbígbóná sì ní láti gba inú bulọ́ọ̀kù náà kọjá kó tó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi ló ń gba gbogbo ooru yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbóná, ìdí nìyẹn tó fi ń sán láti ìdí báfù wọnú silíńdà. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ẹni tó tà á ní wọ́n ti tún un ṣe. Mo gbé e fún oníṣẹ́ kan, ó gbẹ́ silíńdà, ó fi písítìnì tuntun sí i, ó gbowó, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá sọ pé bulọ́ọ̀kù ti sán níbi mẹ́ta. Ẹ̀yìn ìyẹn! Kí wọ́n kọ́kọ́ se é nínú omi oníkẹ́míkà, kí wọ́n fi mágnẹ́ẹ̀tì yẹ ẹ́ wò fún sísán, kí o má san kọ́bọ̀ mìíràn kí ìyẹn tó jáde. Bí o bá sì to kábúrétọ̀ Stromberg 97 méjì lé e lórí, wọ́n máa ń jo epo. Gbé ẹ̀rọ paná sínú ọkọ̀.

Àh, ìbéèrè rẹ. Bí o bá fẹ́ máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, Chevrolet. Kì í ṣe àjèjì náà: ẹ́ńjìnnì Chevrolet tí wọ́n ń pè ní 265, tí wọ́n gbé jáde ní 1955, ní agbára ẹṣin 162, nígbà tí flathead 1932 ní 65, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọkùnrin ìgbà yẹn fi ń ju flathead sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o ṣe ṣàpèjúwe ọkọ̀ yẹn, èmi ò ní fi nǹkan mìíràn sí i ju flathead lọ. Ohùn rẹ̀ nìkan tó. Tèmi ṣì ń gbóná tí mo bá dúró pẹ́ nínú gosíló, mo sì ń gbé e jáde ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Lọ fi èékánná ha apá òsì ṣásì yẹn, lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Ya fọ́tò rẹ̀, kí o sì gbé e síhìn-ín pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ náà, kí o tó fọwọ́ kan owó.