Ìbéèrè Yín: Báwo ni Sennakéríbù ṣe wọ Lákíṣì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìwé 2 Àwọn Ọba 18 sọ pé Sennakéríbù ọba Ásíríà gba gbogbo ìlú olódi Júdà, Hesekíàh ọba Júdà sì ránṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ sí i ní Lákíṣì. Kò sọ bí wọ́n ṣe wọ ìlú orí òkè bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ̀rí kankan wà níta Bíbélì?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rí pọ̀. Ọdún 701 ṣáájú ìbí Kristi ni ogun náà jà, òkìtì ìlú náà ṣì wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Jerúsálẹ́mù. Tel Lachish ni wọ́n ń pè é ní Ísírẹ́lì lónìí.

Àfonífojì ló yí i ká, àfi igun kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn tí ilẹ̀ ti so ó mọ́ òkè kejì. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ásíríà da òkúta sí, títí ó fi di ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kan odi. Òkúta tí kò lẹ̀ pọ̀ á máa yẹ̀ lábẹ́ kẹ̀kẹ́, nítorí náà wọ́n po ohun kan bíi sìmẹ́ǹtì mọ́ àwọn tó wà lókè. Òòlù tí í fọ́ odi ló gba orí rẹ̀ gòkè: àpótí onígi lórí kẹ̀kẹ́, ìtì igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó yọ níwájú rẹ̀.

Iná ló lè ba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́. Nínú àwòrán ogun yìí tí Sennakéríbù gbẹ́ sára ògiri ààfin rẹ̀ ní Nínéfè (ó wà ní British Museum, ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí), àwọn ará ìlú ń ju ògùṣọ̀ sílẹ̀, jagunjagun kan sì ń fi ìgbakọ onígi gígùn da omi sórí òòlù.

Àwọn ará Lákíṣì náà kò káwọ́ gbera. Wọ́n kó erùpẹ̀ àti àlàpà jọ sẹ́yìn odi níbẹ̀, ó ga ju odi lọ, kí ibòmíràn lè wà láti dúró jà bí odi bá wó. Kò gbà wọ́n. Àwọn awalẹ̀pìtàn hú ọ̀pọ̀ ẹnu ọfà onírin níbẹ̀. Òmíràn ti ká kò, àmì pé ìtòsí ni wọ́n ti ta á. Òkúta kànnàkànnà náà wà níbẹ̀, roboto.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé owó orí tí Hesekíàh san bá ohun tí Sennakéríbù kọ mu?

ÌDÁHÙN: Wúrà bá ara mu: tálẹ́ńtì (òṣùwọ̀n ìwúwo ayé àtijọ́) 30. Fàdákà ni kò bá mu. Bíbélì ní 300, Sennakéríbù ní 800, ọba a sì máa fọ́nnu. Nínú àkọsílẹ̀ kan náà ló ti ní òun gba ìlú olódi 46, síbẹ̀ kò dárúkọ Lákíṣì. Ara ògiri ààfin ló kọ orúkọ yẹn sí.